Iná Tí Bàbá Mi Tàn

Títí di òní, bí mọ́tò bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò tètè sọ̀ kalẹ̀, ohun tí mo bá ń ṣe a dúró lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Wọn a ní, “Màámi, àlejò àwọn ará òdìkejì ni,” èmi náà a sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n óò ti yọjú lójú fèrèsé ná kí n tó rẹ́rìn-ín. Ọdún kan ló kọ́ mi ní ìwà yìí, nígbà tí n kò tíì ju ọmọ tí ń pọn omi lọ. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ọdún náà, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń kà á má bínú sí mi bí n kò bá dárúkọ gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ ti kú, wọ́n sì sin ín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí ìlú ń wárí fún ní Àkúrẹ́. Ọ̀gá bàbá mi níbi iṣẹ́ ni, Ọ̀gá ni à ń pè é nílé wa. Ọ̀gá náà ni n óò máa pè é níbí.

Ọmọ Oǹdó ni bàbá mi, ọmọ Àkúrẹ́ ni ìyá mi, inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n sì ti pàdé. Inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí bàbá mi sí, ṣùgbọ́n ilé ìwé àwọn Fadá ló lọ, ibẹ̀ ló sì ti yí padà. Yàrá méjì la háyà lójú ọ̀nà Ọ̀dà ní Àkúrẹ́. Iṣẹ́ bàbá mi ni láti tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ ìjọba kan, níbi tí wọ́n ń kó ajílẹ̀ àti oògùn kòkó sí fún àwọn àgbẹ̀. Òun ní í ṣí i láàárọ̀, òun ní í tì í nírọ̀lẹ́, kí ó sì tó kúrò níbẹ̀, yóò tan gílóòbù kan tó wà lókè ilẹ̀kùn iwájú, nítorí olè. Ìgbà náà le. Ìyá mi ń bu omi sí ọbẹ̀ débi pé bàbá mi a máa ṣe ẹ̀fẹ̀ pé òun ń rí ojú ara òun nínú abọ́, pé ẹni tí òun rí níbẹ̀ sì ti rù. Àwọn olùkọ́ wa ń lọ sóko ní ọjọ́ iṣẹ́. Ẹni tó bá ní ọṣẹ, ó ń gé e ní kékeré-kékeré. Lálẹ́, mo máa ń gbọ́ tí bàbá mi ń fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ fún ìyá mi pé ajílẹ̀ inú sítọ́ọ̀ ń dínkù, pé àwọn ọkọ̀ ńlá ń wá kó o pẹ̀lú àṣẹ Ọ̀gá, kò sì sí àgbẹ̀ kan tó ń rí i. Ìyá mi a ní kó mú ẹnu rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó mú un kúrò. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ń bọ̀ láti òkè wá wo ohun tó kù nínú sítọ́ọ̀ náà.

Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi tí mo bá ti ilé ìwé dé, n óò sì dúró dè é kí a jọ wálé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa àgádágodo wò, ó tan gílóòbù rẹ̀, a sì bọ́ sọ́nà. A ti rìn díẹ̀ kí n tó rántí pé mo gbàgbé abọ́ sórí àtẹ̀gùn. Abọ́ kò ṣeé rà nígbà náà, nítorí náà mo sáré padà. Mọ́tò Ọ̀gá wà lẹ́yìn sítọ́ọ̀. Àwọn ọkùnrin méjì ń gbé kẹ́ẹ̀gì wọlé láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, òórùn bẹntiróò sì gba gbogbo ibẹ̀. Ọ̀gá dúró, ó káwọ́ lẹ́rán, ó kẹ̀yìn sí mi, bí ẹni tí ń dúró de ọkọ̀. Mo mú abọ́ mi, mo sì sá. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ó dúró sójú kan, ó bi mí bóyá wọ́n rí mi. Mo ní mi ò rò pé wọ́n rí mi. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi ìyá mi, ó sì di ọwọ́ mi mú títí a fi délé, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí mo ti ń rìn fúnra mi. Mo gbà pé ó rò pé ẹrù ni wọ́n wá kó. Kí a tó jẹun tán, ojú ọ̀run ti pọ́n ní apá ibẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń sáré kọjá lójú títì. Bàbá mi fi òkèlè sílẹ̀, ó gbé korobá, ó tẹ̀ lé wọn lọ bu omi pa iná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọlọ́pàá wá mú un.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló so ó. Wọ́n bi í ní àgọ́ ọlọ́pàá pé kí ló ṣe gbẹ̀yìn kí ó tó kúrò níbi iṣẹ́. Ó dáhùn bí èmi àti ẹ̀yin yóò ṣe dáhùn: “Mo ti ilẹ̀kùn, mo tan iná, mo sì tẹ̀ lé ọmọ mi lọ sílé.” Ọlọ́pàá tí ń kọ ọ́ sílẹ̀ kì í ṣe ọmọ Yorùbá; Yorùbá tí wọ́n fi ń ná ọjà ló gbọ́. Àwa, iná ni iná ààrò, iná ni iná fìtílà, iná náà ni ti gílóòbù, gbogbo rẹ̀ la sì ń tàn, kò sì sí ọmọdé kan nínú ilé Yorùbá tí yóò ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bàbá mi ti di ẹni tó ti ilẹ̀kùn, tó sì dáná sun sítọ́ọ̀ ìjọba. Wọ́n ti gba awò ojú rẹ̀, kò sì lè ka ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí i, wọ́n sì ti lù ú ná; ó fọwọ́ sí i. Ìyá mi wà ní kóòtù lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà. Ó ní bàbá mi fẹ́ ṣàlàyé pé iná gílóòbù ni, agbẹjọ́rò ìjọba sì ní kó dáhùn ohun tí wọ́n bi í: ṣé òun ló tan iná ni, àbí òun kọ́? Bàbá mi ní, “Èmi ni mo tàn án, ṣùgbọ́n—” Agbẹjọ́rò ní, “Ó tó.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n dá a padà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì ń sún un síwájú bẹ́ẹ̀ títí a kò fi retí ìdájọ́ mọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e dé kóòtù, ohun kan náà ló ń sọ. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń sọ pé ẹni tó fi ẹjọ́ rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ọ̀lẹ ni. Bàbá mi kò yéé sọ òtítọ́ rẹ̀. Àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ ni kò gbọ́.

Onílé wa ní Àkúrẹ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun náà. Ó fi ọ̀wọ̀ bẹ ìyá mi pé kó wá ibòmíràn lọ, kí wọ́n má bàa ní òun fi iná sórí òrùlé sùn. A kó ẹrù wa sẹ́yìn ọkọ̀ pákó tó ń lọ sí Oǹdó, a lọ bá ìyá bàbá mi, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Àgbà. Agboolé náà ni mo ń rí bí mo bá di ojú mi lónìí. Láàárọ̀, ìró ìgbálẹ̀ ló ń jí wa, lẹ́yìn náà aago ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, lẹ́yìn náà ewúrẹ́. Bí oòrùn bá ti mú, ẹ óò gbọ́ kòkó tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ yí lórí ẹní, ṣà, ṣà, ṣà, bí ẹni ń rìn nínú ewé gbígbẹ tí kò dé ibi kankan. Iṣẹ́ mi ni láti pọn omi, láti lé ewúrẹ́ kúrò nídìí kòkó, àti láti bó kókò tí wọ́n ń gún mọ́ iṣu kí iyán lè pọ̀. Àwọn ọmọ agboolé ń fi ohùn Àkúrẹ́ tó wà lẹ́nu mi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá la ẹnu béèrè ṣíbí, wọn a tún un sọ tẹ̀ lé mi, wọn a sì rẹ́rìn-ín ṣubú lu ara wọn. Mo bá dákẹ́. Àwọn àgbà rò pé ìtìjú ni. N kò rí ibi ìsápamọ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí: ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, ta ni yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀?

Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, ìyá mi a kó wa jọ sí yàrá fún Rósárì. Ohùn ìsàlẹ̀ la fi ń gbà á, nítorí àwọn ará agboolé ń sọ pé ìyàwó Àgùdà tún ti bẹ̀rẹ̀, ó ń pe Màríà, Màríà kò sì dá a lóhùn. Ìyá Àgbà kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni látòkè délẹ̀, orí Sáàmù ló ń sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù ń gorí oṣù, ó gbé ẹní rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá wa. Kò gba Rósárì. Bí a bá ń sọ pé “Mo kí ọ Màríà,” òun a jókòó jẹ́ẹ́, a máa bó ẹ̀pà. Bí a bá dé orí Baba Wa, òun a fi ẹ̀pà sílẹ̀, a bá wa gbà á pẹ̀lú ohùn tó ga ju ti gbogbo wa lọ, pàápàá ibi tí a ti ń sọ pé ìfẹ́ tirẹ̀ ni kí a ṣe. Ìyá mi kì í lè parí ibẹ̀ nígbà mìíràn. Fadá tó ń bojú tó wa ní Oǹdó wá kí wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì ń sọ fún un pé Ọlọ́run rí gbogbo rẹ̀. Ìyá mi, tí kì í dá àgbà lóhùn, wò ó, ó ní, “Fadá, bó bá rí i, kí ló wá ń wò?” Mo rò pé yóò bínú. Ó yọ fìlà rẹ̀ lórí, ó ní òun náà ń bi Í ní ìbéèrè yẹn láràárọ̀, pé òun ń bi Í lórí ìkúnlẹ̀ ni. Ó jẹ ìyókù ẹ̀pà Ìyá Àgbà, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ Sùsánà ló dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá Fẹ́mi, àbúrò bàbá mi, tíṣà ni, ó sì máa ń yà wá wò tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó bá wa lórí ẹní, gbogbo ojú wa ti rẹ̀ wálẹ̀, nítorí wọ́n tún ti sún ẹjọ́ síwájú. Ìyá mi, kó lè fi ọkàn Ìyá Àgbà balẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìtàn obìnrin kan nínú Ìwé Dáníẹ́lì, Sùsánà, tí àwọn àgbà ìlú méjì parọ́ mọ́, tí wọ́n ti ń fà lọ láti pa, tó sì gbójú sókè ké pe Ọlọ́run. Ìyá Àgbà ní òun kò mọ Sùsánà kankan. Ó gbé Bíbélì rẹ̀ sílẹ̀ láti orí àjà, ó ní kí Bàbá Fẹ́mi ṣí i. Bàbá Fẹ́mi wá Dáníẹ́lì látòkè dé ìsàlẹ̀, kò rí i.

“Ìyàwó wa, kò sí níbí.”

“Ó wà nínú tiwa, sà.”

Ìyá Àgbà ní, “Ẹ̀yin Àgùdà, ẹ tún ti fi kún un.” Ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́ ìparí rẹ̀. “Ó wá kú?”

Ìyá mi ní kò kú. Ó ní Ọlọ́run rú ẹ̀mí sókè nínú ọ̀dọ́mọdé kan tí ń jẹ́ Dáníẹ́lì, ó kígbe láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ní ọwọ́ òun mọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin yìí, ó sì bi àwọn elékèé léèrè ọ̀rọ̀ títí irọ́ wọn fi já. Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. Ó ní, “Dáníẹ́lì tiwa wá dà?”

Ojú ìyá mi sáré wá bá mi. Kò pẹ́ níbẹ̀, ó tètè yí i padà sórí ẹ̀pà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń kọ́ ọmọ nílé ìwé mọ ojú tí ń fi nǹkan pamọ́. Bàbá Fẹ́mi wo ìyá mi, ó wò mí, ó sì rọra pa Bíbélì dé. Kí wọ́n tó tan fìtílà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá mi kò lè purọ́ fún un, èmi sì ti ń sunkún.

Kò sí ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn tí wọn kò sọ̀rọ̀ lé mi lórí. Bàbá Fẹ́mi ní lọ́yà bàbá mi ti sọ fún òun pé bí ẹnì kan bá wà tó rí ẹlòmíràn ní sítọ́ọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹjọ́ yóò yí. Ó ní ìtàn tí ìyá mi fẹnu ara rẹ̀ sọ ni òun dìrọ̀ mọ́. Bí kò bá fẹ́ kí ọmọdé sọ̀rọ̀, kí ló sọ ìtàn ọmọdé tó sọ̀rọ̀ fún? Ìyá mi ní òun kò mọ ìgbà tí òun dé ibẹ̀. Ìyá Àgbà dúró láàárín, ó ń wo ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́wọ̀n, ó ń wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Ó ní ẹnu tó mọ oúnjẹ í jẹ, ó yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ í gbé mì. Lọ́jọ́ kejì ó tún ní ọ̀rọ̀ tí a gbé mì ń di egbò. Èmi kì í sùn. Mo ń rí ara mi tí mo dúró lórí àpótí ní kóòtù, kí ojú mi lè yọ, kí wọ́n sì bi mí pé ta ni mo rí, kí n sì na ọwọ́ sí ẹni tó káwọ́ lẹ́rán. Nínú àlá mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń rí, a sì máa fẹ́ yí padà. Mo máa ń jí kí ó tó yí padà tán.

Níkẹyìn wọ́n ní kí bàbá mi fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Èmi, ìyá mi àti Bàbá Fẹ́mi wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Lójú ọ̀nà, àwọn ṣọ́jà dá ọkọ̀ wa dúró, mo sì fi orí pamọ́ sábẹ́ ìborùn ìyá mi bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń wá. Wọ́dà tó mú bàbá mi jáde kì í ṣe òǹrorò. Ó kọjú sí ògiri kí a lè sọ̀rọ̀. N kò tètè mọ bàbá mi. Ọrùn rẹ̀ ti gùn, kò sì sí awò lójú rẹ̀, nítorí náà ó ń wò wá bí ẹni tí ń wo ọ̀nà jíjìn. Bàbá Fẹ́mi to ọ̀rọ̀ náà fún un. Bàbá mi béèrè pé ta ló sọ fún un pé ọmọ yìí rí nǹkan. Bàbá Fẹ́mi ní ìyàwó wọn kò lè fi ojú purọ́. Bàbá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ìdí tí òun fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó ní rárá. Ó ní àwọn tó gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn kò ní jókòó sílé kí ọmọ òun máa nawọ́ sí wọn, pé ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́ gùn, igbó sì wà níbẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, Dáníẹ́lì pàápàá, ọmọdé ni.”

“Ọlọ́run ló rán Dáníẹ́lì. Ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run rán ọmọ mi níṣẹ́.”

“Ẹ óò kú síbí.”

“Bí mo bá kú síbí, Ọlọ́run mọ ibí.”

Bàbá Fẹ́mi dìde, ó lọ dúró ti wọ́dà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Bàbá mi wá pè mí súnmọ́. Ó ní, “Fúnmi, kí lo rí lọ́jọ́ náà?” Mo rò pé mo mọ ohun tó fẹ́ gbọ́, mo sì ní, “N kò rí nǹkan kan, sà.” Ó mi orí. Ó ní n kò gbọdọ̀ purọ́, kódà nítorí tòun. Ó ní, “O rí i. Ọlọ́run náà rí i, ẹlẹ́rìí kì í sì í wọ́n Ọn. Bó bá fẹ́ kí o sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, Òun ni yóò là ọ́ ní ẹnu, ẹ̀rù kò sì ní jẹ́ kí o dákẹ́. Títí di ìgbà yẹn, Òun ni kí o máa sọ ọ́ fún.” Mo bi í bóyá ẹ̀rù kì í ba òun. Kò tíì dáhùn tí wọ́dà fi yíjú padà, tó ní àkókò ti tó.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mọ́tò kan wá dúró ní iwájú agboolé wa lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ jókòó, ó ń wo ilé, kò sọ̀ kalẹ̀. Mo wà nídìí kòkó, mo sì rántí pé ọ̀pá tí mo fi ń lé ewúrẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Awakọ̀ Ọ̀gá ni. Nígbà tó jáde, ó ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, àpò ìrẹsì kan wà níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà dáadáa, ó ní Ọ̀gá ní kí òun kí wọn, pé Ọ̀gá ń ronú nípa àwọn ọmọ, pàápàá ọmọbìnrin tó máa ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀. Ìyá mi di òpó mú. A ti ń jẹ púpurù láìsí ọbẹ̀ gidi láti ọjọ́ mélòó kan, ọbẹ̀ tó wà sì jẹ́ omi àti ata. Ìyá Àgbà wo ìrẹsì náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ bá wa kí wọn. Ẹ ní a ti jẹun.” Awakọ̀ ní kí wọ́n gbà á fún ọ̀la. Ìyá Àgbà ní, “Ọ̀la wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.” Mọ́tò náà lọ. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé ẹnì kan gbé ìrẹsì mìíràn wá fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni irú ìtàn báyìí máa ń rí bí wọ́n bá ń jẹ́rìí nínú ìjọ. Kò sí ẹni tó gbé nǹkan kan wá. Kókò sísun la jẹ, láìsí epo, Ìyá Àgbà sì sun un jóná díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Bàbá Fẹ́mi kò tún sọ pé kí n lọ sí kóòtù mọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun rí jìnnà ju òun lọ, láìsí awò lójú.

Nígbà tí òjò tún ti dé, adájọ́ àgbà kan ń lọ káàkiri àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó ń tú àwọn tí wọ́n ti há mọ́ ibẹ̀ láìsí ìdájọ́ sílẹ̀. Orúkọ bàbá mi wà nínú àwọn tí wọ́n pè. Wọn kò sọ pé kò jẹ̀bi. Wọn kò bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó máa lọ. Ìyá Àgbà jó yí agboolé ká, ó ní Jèhófà ló ṣe é. Bàbá Fẹ́mi ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ló kún. Bàbá mi jókòó láàárín wọn, ó ń jẹ iyán, ó ní kò sí ìjà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Wọn kò gbà á padà síbi iṣẹ́, kò sì rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà títí ó fi kú. Mo ti dàgbà tó láti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni Ọlọ́run kò mú jáde bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé wọn náà sì ń gba Rósárì. Mo kàn mọ̀ pé n kò lè sọ pé Ọlọ́run kò sí níbẹ̀.

Ìyá mi ní Àkúrẹ́ la ti kúrò pẹ̀lú ẹ̀gàn, Àkúrẹ́ náà la ó ti dúpẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú kan, gbogbo wa lọ sí Mísà ní ìjọ wa àtijọ́. Bàbá mi wọ agbádá tí kò bá a mu mọ́. Ìjókòó kan ṣoṣo ló ṣófo fún wa, a sì ti jókòó tán kí a tó rí i pé Ọ̀gá ló wà níwájú wa gan-an. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń rí i. Ìyá mi fẹ́ dìde, bàbá mi fi ọwọ́ kàn án. N kò gbọ́ ìwàásù ọjọ́ náà. Mo ń wo ọrùn ọkùnrin yẹn, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kó yí padà. Ṣùgbọ́n nínú Mísà, ìgbà kan ń bọ̀ tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ yí padà. Fadá ní kí a fún ara wa ní àmì àlàáfíà, Ọ̀gá sì kọjú sí wa. Ojú rẹ̀ kò burú. Ojú bàbá arúgbó ni. Ó na ọwọ́. Bàbá mi gbà á.

“Àlàáfíà Olúwa, Bàbá Fúnmi.”

“Àlàáfíà Olúwa, sà.”

Ọ̀gá wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ti bàbá mi. Ó ní, “Ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀, àbí? Ó dára bẹ́ẹ̀.”

Ìyá mi mí sínú. Àwọn tó yí wa ká ń bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó gbọ́. Bàbá mi kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

Ó ní, “Ó ń sọ̀rọ̀, sà. Ọlọ́run ló ń sọ ọ́ fún.”

Ọ̀gá fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó kọjú sí pẹpẹ. Àwọn akọrin ti bẹ̀rẹ̀ orin Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run. Nígbà tí a kúnlẹ̀, mo gbọ́ tí pákó ìkúnlẹ̀ wa ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo wo ìsàlẹ̀, mo sì rí i pé orúnkún bàbá mi ló ń gbọ̀n. Ní gbogbo ọdún yẹn, mo ti rò pé ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kì í bẹ̀rù, pé èmi nìkan ni mo ń bẹ̀rù nínú ilé wa. Mo di agbádá rẹ̀ mú. Ó dìde, ó ṣì ń gbọ̀n, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá, ó sì lọ gba Ara Olúwa.